Ẹni Tí Ń Dáhùn fún Francisco

Eyín kan ṣoṣo ni wọ́n kùn ní wúrà nínú ẹnu ìbòjú igi náà: eyín òkè, ìkẹta láti àárín sí apá òsì. Ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ tán. Irun kan tó já lára búrọ́ọ̀ṣì tí wọ́n fi kùn ún ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó tẹ̀ bí ìkọ́ ìpẹja kékeré, ṣóńṣó rẹ̀ sì yọ jáde díẹ̀ kọjá ètè igi náà. Émilienne gbé ojú sún mọ́ ọn, ó sì fi èékánná gbìyànjú láti yọ irun náà. Irun kò yọ. Ọ̀dà wúrà ló bá èékánná rẹ̀ lọ.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, Yàyá!" Pascal ké láti ẹnu ọ̀nà. "Káfíńtà ní ó di ọ̀la kó tó gbẹ. Ẹ ṣáà wò ó. Ta ni?"

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ni, nínú oṣù Kejìlá ọdún 1934, nígbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ekuru wọ Kútọnù láti òkè wá. Inú yàrá tí Ẹgbẹ́ Bùríyàn, ẹgbẹ́ eléré ìbòjú, ń kó ẹrù sí, nítòsí ọ̀sà, ni àwọn méjèèjì wà. Pascal ni olórí ẹgbẹ́ náà. Akọ̀wé ni ní ilé òwò kan létí wáàfù, ó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, a sì máa rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ já sílẹ̀. Émilienne ni aránṣọ ẹgbẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni, opó, gbogbo àwọn tí kò tó o lọ́jọ́ orí sì ń pè é ní Yàyá, gẹ́gẹ́ bí àwọn Àgùdà, ọmọ àwọn tó ti Bràsílì padà dé, ti ń pe àgbà obìnrin.

Ó wo kàlétà náà dáadáa, ìyẹn ìbòjú igi tí wọ́n fi ń jó. Irunmú rẹ̀ funfun, ó sì gùn dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Iwájú orí rẹ̀ gbòòrò. Etí òsì kéré ju ti ọ̀tún lọ díẹ̀, bí ó ṣe rí lára ẹni náà gan-an.

"Francisco ni," ni ó wí.

"Bàbá Francisco fúnra wọn!" Pascal pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò wọ́n, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ húkọ́ kí wọ́n tó bú wa. Mo ti rò ó, Yàyá. Lẹ́tà ò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Èèyàn á ka lẹ́tà tán, á fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Àmọ́ kí èèyàn ṣí àpò, kó bá ojú ara ẹ̀ nínú ẹ̀, tòun ti eyín wúrà! Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni mo máa wọ rélùwéè lọ sí Ṣábẹ̀. Mà á fẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ dé Kílìbó tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn, wọ́n á ra ojú wọn padà, àwa náà á sì rówó san fún onílé."

"Bí wọn ò bá rà á ńkọ́?"

"Bàbá Francisco? Ẹni tí kò fo ọdún kan rí! Àwọn tó wà ní Kútọnù níbí ń sá fún wa bí ẹni tó rí agbowó-orí, ẹni tó wà nínú igbó òwú ló ń rántí wa. Ẹ bá mi rán kóòtù funfun sí i lọ́rùn. Ẹ̀yin lẹ mọ irú èyí tí wọ́n máa ń wọ̀. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣe tán lọ́jọ́rú."

Émilienne nu èékánná rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó mọ ohun tí Pascal kò mọ̀, tí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ kò sì mọ̀. Francisco ti kú. Ó ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti sin ín sí Kílìbó.

"Á ṣe tán," ni ó wí.

Wídà ni wọ́n bí Émilienne sí, ní ọdún méjìlá ṣáájú kí àwọn ọmọ ogun Faransé tó wọ Àbọ̀mẹ̀. Bàbá bàbá rẹ̀ ti oko ẹrú ní Bàhíà, nílẹ̀ Bràsílì, padà dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ káfíńtà kan àti orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ṣábẹ̀. Nítorí náà Yorùbá ni wọ́n ń sọ nínú ilé, Fọ̀n ní ọjà, Faransé lọ́dọ̀ àwọn sísítà tó kọ́ ọ ní ìwé àti iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Èdè Pọtogí kò ṣẹ́ kù síbì kan bí kò ṣe nínú orin Bùríyàn, àwọn tó sì ń kọ orin náà kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju ìdajì lọ. Émilienne kọ́ ọ láti ẹnu ìyá rẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ orúkọ àwọn ọ̀nà tí kò ní rìn láé.

Ọmọ ogún ọdún ni nígbà tó fẹ́ Rigobert, ó sì bá a wá sí Kútọnù, níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù. Rigobert ni ó máa ń wọ inú Ìyá Gíga, ère obìnrin tí wọ́n fi ọparun àti aṣọ ṣe, tó ga ju òrùlé lọ. Wọn kò bí ọmọ tó yè. Nígbà tí ibà pa Rigobert, Émilienne rán aṣọ ìsìnkú rẹ̀ ní òwúrọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà ó dín yẹ̀rì Ìyá Gíga kù kí ọkùnrin tó kúrú sí i lè wọ inú rẹ̀, nítorí ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án péré sí àjọ̀dún. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń sọ nípa rẹ̀ nìyí tí wọ́n bá fẹ́ yìn ín. Òun fúnra rẹ̀ kì í sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ náà kì í pa èrè kankan. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ní àjọ̀dún Bọ́nfìn nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, lẹ́yìn Mísà, wọn a jáde pẹ̀lú Akọ Màlúù, Ẹṣin, Ìyá Gíga àti àwọn kàlétà, wọn a sì jó yí àdúgbò ká. Owó àwọn alátìlẹ́yìn ni wọ́n fi ń ra aṣọ, ọ̀dà àti ìṣó, òun náà ni wọ́n fi ń san owó yàrá. Ètò tí wọ́n bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wọn ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ní ọjọ́ ìpàdé, olórí a ka orúkọ àwọn alátìlẹ́yìn láti òkè ìwé wá sí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá wà níkàlẹ̀ a dáhùn pé, "Ó wà," a sì fi àpò-ìwé rẹ̀ sínú àwo. Ẹni tó ń gbé ọ̀nà jíjìn a yan ẹnìkan tí yóò máa dáhùn fún un, àga rẹ̀ a sì wà lófìfo níbi tó yẹ kó jókòó sí. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ san ju ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé lọ. Kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí tirẹ̀ kéré jù sí ti ẹni náà, kí ojú má baà tì í.

Francisco ni ẹni àkọ́kọ́ lórí ìwé. Nígbà tó kó lọ sí Kílìbó ní ọdún 1924 láti máa ra òwú, Émilienne ni ó yàn pé kó máa dáhùn fún òun, nítorí pé ọ̀rẹ́ Rigobert ni, Émilienne ló sì ń rán gbogbo kóòtù rẹ̀. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, òṣìṣẹ́ rélùwéè kan a mú àpò-ìwé wá láti Ṣábẹ̀, àádọ́ta fáráǹkì a sì wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1932, lẹ́tà ni òṣìṣẹ́ náà mú wá. Clémence, ọmọbìnrin Francisco, ló kọ ọ́. Bàbá òun ti kú. Wọ́n ti sin ín. Kí Yàyá Émilienne jọ̀wọ́ sọ fún ẹgbẹ́. Émilienne kà á lórí ìdúró. Ó sọkún. Lẹ́yìn náà ó fi lẹ́tà náà sínú àpò yẹ̀rì rẹ̀, nítorí pé ìpàdé kò ju wákàtí kan lọ mọ́.

Ọdún burúkú ni ọdún náà. Owó epo àti ẹkùrọ́ ti já wálẹ̀. Àwọn ilé òwò ń dá akọ̀wé dúró. Alátìlẹ́yìn mẹ́ta ti yọ orúkọ wọn kúrò. Àwọn tó ṣẹ́ kù jókòó sínú yàrá bí ẹni tó wá sí ilé ọ̀fọ̀ tí kò tíì mọ ẹni tó kú. Pascal ka orúkọ àkọ́kọ́: "Francisco!" Émilienne rí ọwọ́ wọn nínú àpò, tí wọ́n ń dúró. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ohun tó wà nínú yẹ̀rì òun, ọwọ́ wọ̀nyẹn yóò jáde lófìfo, Bùríyàn Kútọnù yóò sì parí ní ọ̀sán náà.

"Ó wà," ni ó wí.

Àádọ́ta fáráǹkì tí ó ti ń tọ́jú de máṣíìnì ìránṣọ tuntun ni ó fi sínú àwo. Ọwọ́ àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Ó pinnu pé ní ìpàdé tó ń bọ̀ òun yóò sọ ọ́. Ó sì kọ̀wé sí Clémence pé ẹgbẹ́ ti gbọ́, pé gbogbo ẹgbẹ́ ń bá a kẹ́dùn. Ìpàdé tó ń bọ̀ dé, ó tún dáhùn. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni ó ti dáhùn báyìí.

Láti ìgbà náà ni nǹkan ti yí padà nípa àga Francisco, àga kan tí wọ́n fi koríko hun ìjókòó rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa kí i bí wọ́n bá ń wọlé. "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o," wọn a wí, wọn a sì rẹ́rìn-ín. Émilienne kì í bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ti rí i pé ìjókòó àga náà ń rì. Koríko àwọn àga yòókù tẹ̀ nítorí pé ènìyàn ń jókòó lé wọn. Ti Francisco náà tẹ̀, ó tilẹ̀ jìn ju tiwọn lọ. Ó fi okùn ìwọnṣọ wọ̀n ọ́n ní oṣù Ṣẹẹrẹ, ó tún wọ̀n ọ́n ní oṣù Kẹsàn-án. Ó ti fi ìbú ìka kan jìn sí i. Ó lè jẹ́ ọ̀rinrin ọ̀sà. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rinrin ọ̀sà ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kàlétà yìí ju ọ̀rọ̀ àga lọ. Ojú alátìlẹ́yìn tó wà láàyè nìkan ni ẹgbẹ́ máa ń gbẹ́. Wọn a gbé e jó níwájú rẹ̀ láti fi ṣe yẹ̀yẹ́, òun náà a sì san owó gidi láti ra ojú rẹ̀ padà lọ́wọ́ oníjó. Ọjọ́ tó bá kú, kí wọ́n tó kan pósí rẹ̀ pa, wọ́n ti sun kàlétà náà, wọ́n sì ti da eérú rẹ̀ sínú ọ̀sà. Ìyá Émilienne ti sọ ìdí rẹ̀ fún un ní Wídà. Ẹni tó bá jó ojú òkú, òkú náà ni yóò yá ẹsẹ̀ rẹ̀ lò, kò sì sí ẹni tó lè dá ọjọ́ tí yóò dá a padà.

Ọ̀rọ̀ Clémence náà tún wà níbẹ̀. Ọmọbìnrin náà gbà pé ẹgbẹ́ ti gbọ́ láti ọdún méjì sẹ́yìn, pé kò sí ẹnìkan nínú wọn tó rí àyè wá kí òun. Ní ọjọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ yìí yóò gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn. Yóò ṣí i. Olórí ẹgbẹ́ yóò dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, yóò tú ẹnu àpò, yóò sì gbé ojú bàbá rẹ̀ jáde.

Bí òun bá rí ẹgbẹ̀fà fáráǹkì kí Ọjọ́rú tó parí, Pascal kò ní ìdí láti rìnrìn àjò mọ́. Èrò yìí ló gbé Émilienne jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iye tí onílé ń bèèrè fún yàrá ọdún méjì nìyẹn. Ó ti sọ pé bí kò bá pé kí oṣù tó parí, òun yóò ti ilẹ̀kùn, òun yóò sì ta gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fún òyìnbó kan tó ti wá wo Akọ Màlúù lẹ́ẹ̀mejì, tó sì fọwọ́ pa á lórí bí ẹran ọ̀sìn.

Ilé Adéògún, akọ̀wé aṣọ́bodè tó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kọ́kọ́ yà sí.

"Yàyá, ẹ káàárọ̀. Ẹ jókòó. Kí ni Francisco mú wá lọ́tẹ̀ yìí?"

"Ti Francisco kò tíì dé."

"Ẹ wá jẹ́ kó dé ná. Èmi kì í ṣáájú àgbà. Bó bá mú ọ̀ọ́dúnrún wá, mà á wá àádọ́ta. Bó bá mú àádọ́ta wá, ẹ ò ní bá mi nílé."

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín nínú ilé ìdáná.

"Bí Francisco ò bá sí mọ́ ńkọ́?" Émilienne bèèrè.

Adéògún wò ó láti orí awò ojú rẹ̀. "Kò sí mọ́ báwo? Francisco yẹn? Gbogbo wa ló máa sin."

Ní ilé kejì wọ́n fún un ní ogójì fáráǹkì, wọ́n sì bèèrè Francisco. Ní ilé kẹta wọ́n ní owó kò sí rárá, àmọ́ kó gba adìẹ kan, kó sì bá wọn kí Francisco bí lẹ́tà bá ń lọ. Gbogbo ibi tó dé ni orúkọ náà ti wà. Ó dàbí ẹni pé ẹnìkan ń ṣáájú rẹ̀ wọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, pé bí òun bá ti ń nu ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹni náà ti jókòó. Nígbà tí oòrùn fi kan àtàrí, fáráǹkì márùndínláàádọ́rùn-ún ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, pẹ̀lú adìẹ náà.

Ó kù Rasidat. Mùsùlùmí ni Rasidat, ṣùgbọ́n Àgùdà ni ìyá tó bí i, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìwé ẹgbẹ́ bíi ti àwọn yòókù. Aṣọ ló ń tà ní ọjà etí ọ̀sà ní Tọ̀kpá. Òun àti Émilienne ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ ìyàwó ilé tuntun ní àdúgbò kan náà.

"Ẹ wá wo ìyàwó Francisco o!" ni ó fi kí i, ìkíni tó ti ń kí i láti ọdún mẹ́wàá nítorí ìdáhùn yẹn. "Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé òun ló fi adìẹ ránṣẹ́?"

"Rasidat, má ṣe bẹ́ẹ̀ lónìí."

"Mo ti gbọ́. Ẹgbẹ̀fà. Káfíńtà ti wá rojọ́ fún mi pé Pascal ò tíì san owó kàlétà." Ó ka ọgọ́rùn-ún fáráǹkì sórí aṣọ tó wà níwájú rẹ̀. Ó ti fẹ́ tì í sọ́dọ̀ Émilienne nígbà tó dá ọwọ́ dúró. "Yẹtí wúrà tí Rigobert rà fún ọ dà?"

"Mo tà á."

"Nígbà wo?"

"Nínú oṣù Ṣẹẹrẹ."

"Ó ku díẹ̀ kí Bọ́nfìn pé." Ojú Rasidat kò kúrò lára etí rẹ̀. "Lọ́dún tó ṣáájú, èmi lo ta aṣọ àlàárì ìyá rẹ fún. Ó ku díẹ̀ kí Bọ́nfìn pé nígbà yẹn náà. Mo ní kí ló dé, o ní ìgbín ni o fẹ́ fi owó ẹ̀ rà. Ìgbín, Émilienne! Ìwọ tí o kì í jẹ ìgbín."

Émilienne di ẹsẹ̀ adìẹ mú. Adìẹ náà ń jà lábẹ́ apá rẹ̀.

"Ìgbà wo ni Francisco kú?" Rasidat bèèrè.

"Oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1932."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó sọ ọ́ jáde lẹ́nu nìyẹn. Ó retí pé nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀. Ẹnìkan ń dúnàádúrà lórí ẹja gbígbẹ ní ìsọ̀ kejì, wọn kò sì dá dúró.

"Ọgbọ̀n fáráǹkì ni mo fi sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá," ni Rasidat wí, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, "nítorí pé Francisco fi àádọ́ta sílẹ̀."

"Mo mọ̀."

"O fi òkú tàn mí."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Rasidat ti owó náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Gbà á. Èmi ni mo fún ọ. Kì í ṣe torí ẹnikẹ́ni. Àmọ́ kí o sọ fún wọn."

"Bí mo bá sọ fún wọn, gbogbo wọn á lọ."

"Ó ṣeé ṣe. Wọ́n lè bú ọ náà, kí wọ́n sì gba orúkọ rẹ kúrò lórí ìwé. Èmi gan-an ò tíì mọ̀ bóyá mi ò ní bú ọ lọ́la, inú ṣì ń bí mi. Àmọ́ ṣé ìwọ lo máa ṣílẹ̀kùn fún Pascal ní Kílìbó ni? Ọmọ yẹn ló máa ṣí i."

Émilienne padà sí yàrá ẹgbẹ́ ní ọ̀sán, ó sì jókòó ti kóòtù náà, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí yóò ṣe. Kàlétà wà lórí tábìlì, ó kọjú sí i. Ó gé ọrùn kóòtù, ó gé èjìká. Nígbà tó fi okùn wọ̀n ọ́n ni ó rí i pé kì í ṣe ìwọ̀n igi tó wà níwájú rẹ̀ ni òun gé. Ọrùn Francisco ni ó gé, ọrùn Francisco bó ṣe rí ní ọdún 1924, pẹ̀lú àyè ìbú ìka méjì tó máa ń ní kí òun fi sílẹ̀ nítorí ikọ́. Kò rántí ìgbà tí ó pinnu bẹ́ẹ̀. Ó tún un gé kéré sí i.

Ọyẹ́ ti ilẹ̀kùn pa. Nínú ariwo ilẹ̀kùn náà ó gbọ́ tí wọ́n pe orúkọ, ní ohùn Pascal, bó ṣe máa ń pè é láti orí ìwé: "Francisco!"

"Ó wà," ni Émilienne dáhùn.

Ó dìde. Kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ní àgbàlá, kò sí ní ojú pópó àyàfi obìnrin kan tó ru iyọ̀. Pascal wà lẹ́nu iṣẹ́ ní wáàfù ní wákàtí náà. Ó padà wọlé. Kò wo ìhà ibi tí àga wà. Ó gbé ìjókòó tirẹ̀ lọ sí ìdí fèrèsé, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo yàrá, ó rán kóòtù náà títí ìmọ́lẹ̀ kò fi tó mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Pascal dé tòun ti àpò ìdọ̀họ. Ó ti gba àyè ọjọ́ mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ sì ti sọ pé òun yóò yọ ọ́ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀. Ó ti ra ìwé ọkọ̀. Émilienne fi owó tó rí kó jọ lé e lọ́wọ́: fáráǹkì márùndínláàádọ́wàá.

"Yàyá mi! Ẹ káre. Ti Bàbá Francisco ló kù." Ojú rẹ̀ rí kóòtù náà lára ìṣó. "Ẹ wò ó! Ẹ wo iṣẹ́! Ẹ jẹ́ kí n wò ó lára."

"Pascal, dúró ná. Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀."

"Ẹ máa sọ ọ́, mò ń gbọ́." Ó ti wọ kóòtù, ó ti gbé kàlétà bo ojú. Ó so okùn rẹ̀ mọ́ ìpàkọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ìgbànú rẹ̀ mú, ó na ikùn síwájú, ó sì húkọ́, ẹ̀ẹ̀kan tó gbẹ, ẹ̀ẹ̀kan tó gùn, gẹ́gẹ́ bí Francisco ti máa ń húkọ́ kó tó wọ yàrá. "Émilienne," ni ohùn náà wí láti inú igi, "ṣé o ti fi àyè ikọ́ sílẹ̀ fún mi?"

Gbogbo ẹgbẹ́ ló mọ àwàdà yẹn. Francisco ti dá a lójú wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Kò sí ohun àràmàǹdà nínú pé Pascal rántí rẹ̀. Émilienne mọ èyí. Ṣùgbọ́n ó ti la ẹnu láti sọ pé Francisco ti kú, ojú Francisco ni ó sì wà níwájú rẹ̀ tó ń dúró de èsì. Kò lè wo ojú náà kó sọ fún un pé ó ti kú.

"Bọ́ ọ, Pascal. Jọ̀ọ́."

"Háà, ẹ̀rù bà yín!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. "Yàyá, ẹ bá mi tú u. Ọrùn yìí fún mi."

Bọ́tìnnì ọrùn kò ṣí, okùn kàlétà sì ti kó sábẹ́ rẹ̀. Émilienne ní láti ki ìka bọ abẹ́ igi náà. Ó kan ọ̀fun gbígbóná tó ń mí kíákíá, ó sì dáwọ́ dúró fún ìṣẹ́jú kan, nítorí pé kò dá a lójú ọ̀fun ta ni. Nígbà tí okùn náà tú, ojú Pascal ló jáde, ó rin fún òógùn, ó sì pupa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ níbi tí igi ti tẹ̀ ẹ́.

"Káfíńtà gbẹ́ inú rẹ̀ kéré jù," ni ó wí. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ó rọra jókòó, fún ìgbà àkọ́kọ́ ó dàbí ẹni tó rẹ̀. "Ẹ mọ̀, Yàyá, onílé wá sí ibi iṣẹ́ mi lánàá. Lójú ọ̀gá mi. Ó ní ẹgbẹ́ eléré tí kò rówó san, kí wọ́n lọ máa jó ní ìyẹ̀wù ara wọn. Mo kàn ń wò ó ni. Mò ń rò ó nínú mi pé, ṣáà jẹ́ kí n dé Kílìbó. Kí n ṣáà dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Wọ́n á bú mi, wọ́n á fún mi ní iṣu jẹ, a ó sì bọ́." Ó dìde. "Kí lẹ fẹ́ sọ tẹ́lẹ̀?"

"Ọrùn kóòtù," ni Émilienne wí. "Mo gé e kéré."

"Kò sí wàhálà. Igi ni, kò ní mọ̀." Ó bọ́ kóòtù, ó fi í wé kàlétà, ó fi méjèèjì sínú àpò ìdọ̀họ, ó so ẹnu rẹ̀, ó gbé e lé èjìká. "Aago mẹ́fà ni rélùwéè máa gbéra. Ẹ bá mi gbàdúrà."

Ó lọ. Émilienne gbá èérún aṣọ àti okùn jọ kúrò nílẹ̀. Ó gbá abẹ́ tábìlì, ó gbá ìdí Akọ Màlúù, ó gbá yí gbogbo àga ká. Kò sí ibi tí kò gbá. Nígbà tó ṣe tán ó jókòó sórí àpótí rẹ̀ nídìí fèrèsé, ó sì gbìyànjú àwọn ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wo aṣọ lára. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni. Ní Tọ̀kpá ó ti sọ ọ́ láàárín ọjà, kò sì sí ẹni tó yíjú. Níhìn-ín, nínú yàrá tí kò sí ẹnikẹ́ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó lè parí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó pa fèrèsé dé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní aago márùn-ún òwúrọ̀ ọ̀la, Émilienne yóò lọ dúró sí ibùdó rélùwéè. Bí Pascal bá dé, yóò sọ fún un pé Francisco ti kú láti ọdún méjì sẹ́yìn, àti pé òun ni ó ń dáhùn.